Ewé Oríta Ọ̀nà Ìgbẹmọ

Ẹ má bínú sí mi bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi kò tò bí ti àwọn tí ó mọ̀wé. Ọdún mẹ́rin péré ni mo lò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kí wọ́n tó ní kí n wá máa tọ́jú Yèyé, ìyá bàbá wa. Láti ìgbà náà, lẹ́tà méjì ni mo ti kọ, ọ̀kan kò sì dé ibi tí mo fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ̀yin àbúrò mi mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yin ni ẹ máa ń kí i fún mi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Yèyé sọ ìtàn ọ̀nà Ìgbẹmọ, gbogbo wa ni a jókòó yí i ká, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ kò sì gbọ́ ìparí rẹ̀, nítorí pé ó rán yín lọ sí odò. Ìparí náà ni mo torí rẹ̀ kọ èyí.

Ẹ ó rántí pé ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, àti pé Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ni ìgbéyàwó Ìbídùn, ẹgbẹ́ mi, ọmọ ilé kejì sí wa. A ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí bàbá Ìbídùn rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá. Ìyá náà kúnlẹ̀ kí Yèyé, ó ní àwọn ará ilé fi ẹnu kò pé Yèyé ni kí ó jókòó sí àyè ìyá ìyàwó, kí ó di Ìbídùn lọ́wọ́ mú, kí ó fà á lé àwọn àna lọ́wọ́. Ó ní ta tún ni ó tọ́ sí? Láti ìgbà tí Ìbídùn ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ta ni ó ń wẹ̀ ẹ́, ta ni ó ń fún un ní oúnjẹ?

Gbogbo wa mọ̀ pé ìyá tí ó bí Ìbídùn wà láàyè. Àìná ni orúkọ rẹ̀, Ìgbẹmọ ni ó wà, ní ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í dá orúkọ rẹ̀ ní ilé ọkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún wa láti kékeré ni pé òun ni ó pa ìyá ọkọ rẹ̀, pé ó rí ikú lójú ọ̀nà, kò sì dí ọ̀nà náà fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìbídùn fúnra rẹ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni ó bi mí bóyá èmi rántí ojú ìyá òun. Mo ní n kò rántí.

Yèyé dá ìránṣẹ́ náà lóhùn pé òun ti gbọ́. Kò ní òun ó jókòó, kò ní òun kò níí jókòó. Nígbà tí ìyá náà lọ tán, ó fa igbá ẹ̀gúsí mọ́ra, ó ń bó o, gbogbo èyí tí ó ń bó ni ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Èdè Adó wa ni ó fi sọ ọ́. Níbi tí ó bá ti wí pé ulé, ilé ni mo kọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ kọ́ wa. Ó ní:

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ń pe títì ní ọ̀nà. Títì kì í ṣe ọ̀nà. Mọ́tò á gbéra níhìn-ín, á da eruku bo adìẹ, á dé ìlú Ìyìn kí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ tó jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ tán. Bí o bá bi í pé kí ni ó rí lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn orí ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ni ó rí. Ní tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ ni a fi mọ ayé. Bí wọ́n bá di ojú mi ní ìgbà náà, kí wọ́n gbé mi sọ sí àárín Adó àti Ìgbẹmọ, bí mo bá ti tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti mọ ibi tí mo wà. Ibì kan wà tí òkúta rẹ̀ rí kóńkó-kóńkó bí eyín ọmọdé. Ibì kan wà tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù kódà nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ìgbà tí àkùkọ bá kọ lẹ́ẹ̀kejì ni a ń jáde, oòrùn á ti máa ta wá lẹ́yìn ọrùn kí a tó kan odò, a ó sì gbọ́ odó àwọn ará Ìgbẹmọ kí a tó rí òrùlé wọn. Bí a bá gbọ́ odó náà, ẹni tí ń sunkún nínú àwọn ọmọ á dákẹ́, torí ó mọ̀ pé iyán ti súnmọ́lé.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀nà á le bí ìdí ìkòkò, á la gìgísẹ̀ wa, a ó fi àdín pa á kí a tó sùn. Ewé gbígbẹ á bo ilẹ̀, àlejò á ṣìnà, ṣùgbọ́n àwa mọ̀ pé ibi tí ọ̀nà bá wà, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í rì mọ́ni lẹ́sẹ̀. Nígbà òjò ni ó burú. Koríko á ga ju orí lọ, á tẹ̀ wá dí ojú ọ̀nà, ìrì á kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó wà níwájú ni yóò fi ara gbọn ìrì náà kúrò fún gbogbo wa, bí ẹni tí ó lúwẹ̀ẹ́ ni yóò rí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyàwó tuntun ni a máa ń tì síwájú. Bí ó bá ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, a ó máa kọrin fún un pé ẹni tí kò gbọn ìrì kò níí mọ ọ̀nà ilé ọkọ. Èmi náà gbọn ìrì fún ọdún kan àbọ̀, títí ọmọ kan tí ó sanra gan-an fi ṣe ìyàwó wọ agbolé wa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rìn ní ẹ̀yìn rẹ̀, ìró mi gbẹ dé Ìgbẹmọ. Mo fẹ́ràn ọmọ náà títí ó fi kú.

Òfin wà lójú ọ̀nà nígbà náà. Ẹni tí ó ru ẹrù ni ó ni ọ̀nà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni yóò bọ́ sínú igbó. Bí àwọn méjèèjì bá ru ẹrù, ọmọdé á yà fún àgbà. Mo ti rí obìnrin méjì tí wọ́n pàdé ní ẹ̀gbẹ́ àpáta, tí oníkálukú ń sọ pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n dúró, ẹrù wà lórí, òógùn ń bọ́. Wọ́n bi ara wọn léèrè ìyá tí ó bí wọn, wọ́n bi ara wọn léèrè ìyá tí ó bí ìyá wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn ìyá àgbà wọn. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n jẹ ẹ̀kọ ara wọn. Títí wọ́n fi kú, a kò mọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n.

Bí ọdún iṣu bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin Adó á yẹ ọ̀nà láti ìhín dé etí odò, ti Ìgbẹmọ á yẹ ẹ́ láti ọ̀hún wá. Àwọn tí ó bá kọ́kọ́ dé odò á máa lu àdá mọ́ àdá, gbin-gbin-gbin, wọn á máa pè sí òdìkejì pé ṣé iṣu ni àwọn ẹni wọ̀nyẹn ń dúró dè kí ó wá bá wọn yẹ ọ̀nà. Ní ọdún kan, àwọn ará Ìgbẹmọ ti yá ju tiwa lọ. Wọ́n sọdá odò, wọ́n yẹ ọ̀nà dé ibi jíjìn ní ilẹ̀ tiwa, wọ́n sun iṣu jẹ níbẹ̀, wọ́n kó èèpo rẹ̀ jọ sí àárín ọ̀nà kí a lè rí i pé àwọn dúró dè wá títí ebi fi pa àwọn. Ọjọ́ méjì ni àwọn ọkùnrin wa kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo òfin ọ̀nà, ti ewé ni ó ga jù. Ojú ẹni tí ó ṣáájú ni ojú ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Bí o bá bá ibi nínú ọ̀nà, bóyá igi tí a fi ṣe afárá ti lọ, bóyá oyin ti tú, o kò gbọdọ̀ kàn yà kí o máa lọ. Wàá padà dé oríta, wàá já ewé tútù, wàá nà án dí ẹnu ọ̀nà náà, wàá gbé òkúta lé e. Ẹni tí ń bọ̀ kò ní béèrè ọ̀rọ̀. Bí ewé náà bá tutù, òní ni. Bí ó bá rọ, àná ni. Ọmọ tí kò tíì lè pe orúkọ bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, wèrè kì í gbé e. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní tiwa, a kì í dúró kí ẹnì kan jìn kí a tó kọ́ ọgbọ́n. Ẹni tí ó ṣáájú tí kò fi ewé sílẹ̀, apànìyàn ni wọ́n ń pè é.

Ibi tí ó dé nìyí, ẹ̀yin àbúrò mi, tí ó ní kí ẹ lọ pọn omi. Ẹ ní àmù kún. Ó ní kí ẹ pọn ọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ lọ tán, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn àgbàlá. Mo tì í, mo padà jókòó. Kò wo ojú mi. Igbá ẹ̀gúsí ni ó ń wò, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò dúró rárá. Ó ní:

Ọdún mẹ́rìnlá rèé. Ẹ̀gbọ́n Àìná bímọ ní Ìgbẹmọ, àwa mẹ́ta ni a lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ láti Adó: Àìná, ìyá ọkọ rẹ̀, àti èmi. Àìná fi Ìbídùn sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Àìná ni ó se ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó sì sọ lójú gbogbo àwọn ẹbí Àìná pé ọmọ wọn kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí yanrìn, pé yanrìn ni òun ti ń jẹ láti ọdún mẹ́fà. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ìyá náà burú, ẹnu rẹ̀ ni ó mú. Ṣùgbọ́n Àìná náà kì í ṣe ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó ní, “Bí ẹ bá jẹ yanrìn fún ọdún mẹ́fà tí ẹ sì sanra báyìí, mà, ẹ jẹ́ kí n máa bù ú fún yín.” Ẹ̀rín tí wọ́n rín sí èyí pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú ìyá náà yí padà. Àìná gbé agbọ̀n rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé, ó lọ ní òun nìkan.

Òjò ti ń ṣú ní òkè odò láti àárọ̀. Mo ní kí n tẹ̀lé Àìná kí òjò tó balẹ̀. Mo bi ìyá ọkọ rẹ̀ bóyá kí n dúró dè é. Ó ní kí n máa lọ, òun yóò sùn níbẹ̀, ọ̀la ni òun yóò padà. Ó tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì. Fi èyí sọ́kàn, ọmọ mi. Ohun tí ó sọ fún mi nìyẹn.

Wọ́n fún mi ní iṣu márùn-ún, iṣu ńlá. Òṣùká tí mo gbé wá, ewúrẹ́ wọn ti jẹ ẹ́, nítorí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ni. Mo wé gèlè mi ṣe òṣùká. Kò pẹ́ tí òjò dé, gèlè náà rin, ó ń yọ̀, iṣu ń yí lórí mi, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tí orí ń fọ́. Báyìí ni mo ṣe dé oríta. Ẹsẹ̀ ọ̀nà méjì ni ó wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ń lọ sí Adó. Ti ìsàlẹ̀ yá, orí igi tí a gbé sọdá odò ni ó gbà. Ti òkè jìn, ó yí àpáta ká lọ sí ibi tí odò kò ti jìn. Mo rí ewé lẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, gígùn, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n fi ìtàkùn so ó ní àárín, wọ́n gbé òkúta mẹ́ta lé e. Mo mọ̀ pé Àìná ni, òun nìkan ni ó ń so ó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé igi afárá ti lọ. Mo sì gbọ́ odò náà, ó ń ké.

Mo sọ ẹrù kalẹ̀. Mo wo ewé náà. Mo ní, ta ni ó tún kù lẹ́yìn mi? Kò sí. Àìná ti kọjá, èmi ni mo kẹ́yìn, ìyá yẹn ń sùn ní Ìgbẹmọ. Ewé ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Mo gbé òkúta kúrò, mo mú ewé, mo lọ́ ọ pọ̀, mo fi ṣe òṣùká. Ó bá orí mi mu gan-an. Mo gbé iṣu mi lé e, mo gba ọ̀nà òkè, n kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Igbó wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi, ǹ bá já ẹ̀ka kan sọ dí ẹnu ọ̀nà náà. Kò ní í gbà ju kí n na ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n òjò ń nà mí, iṣu wúwo, mo sì fẹ́ dé ilé.

Ìyá yẹn kò sùn. Ewúrẹ́ rẹ̀ kan lóyún, ó rántí pé alẹ́ ọjọ́ náà ni ó lè bí, ó dìde, ó ní òun ń lọ. Wọ́n ní kí ó dúró, kò dúró. Ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé nígbà tí ó dé oríta. Ó bá ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ní ṣíṣí.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i, ní ìsàlẹ̀ odò, aṣọ rẹ̀ há mọ́ gbòǹgbò igi. Nígbà tí mo gbọ́ igbe, inú ilé ìdáná ni mo wà. Mo yíjú, mo rí òṣùká náà ní igun, ìtàkùn Àìná ṣì wà lára rẹ̀. Mo tì í sí abẹ́ ìkòkò. Ewé tútù kì í tètè jóná. Èéfín rẹ̀ kún ilé, omi ń dà lójú mi, àwọn tí ó wọlé wá bá mi ní kí n má sunkún mọ́, pé Ọlọ́run ni ó fúnni tí ó sì gbà á.

Wọ́n pe Àìná sí àárín àwọn àgbà agbolé. Ó ní òun dí ọ̀nà. Wọ́n ní ewé dà? Àwọn tí ó lọ gbé òkú gba oríta náà kọjá, wọn kò rí ewé. Wọ́n ní ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ yanrìn ní Ìgbẹmọ? Ó ní òun ni. Wọ́n ní ta ni ó bínú jáde? Ó ní òun ni, ṣùgbọ́n òun dí ọ̀nà, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, òkúta mẹ́ta ni òun gbé lé e. Ó wá ní kí wọ́n bi mí. Ó ní, “Yèyé ni ó tẹ̀lé mi. Ohunkóhun tí Yèyé bá rí, mo fara mọ́ ọn.”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo rò pé bí mo bá jẹ́wọ́, èmi ni wọn yóò pè ní apànìyàn, ẹ̀yin ni wọn yóò máa pè ní ọmọ apànìyàn. Mo rò pé ọmọdé ni Àìná, pé wọn yóò pariwo lé e lórí fún ọjọ́ díẹ̀, á sì tán. Ọmọ mi, ẹnu mi ti sọ̀rọ̀ kí n tó rò ó tán. Mo ní, “N kò rí ewé kankan.”

Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo fi gba ọ̀nà òkè. Mo ní mo gbọ́ igbe odò. Wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ.

Àìná kò bú mi. Kò tilẹ̀ sọ pé irọ́ ni mo pa. Ó kàn wò mí ni, bí ènìyàn ti í wo ilé tí ó jóná. Lọ́jọ́ tí wọ́n lé e, ó gbé agbọ̀n kan ṣoṣo jáde, ó yà sí ọ̀dọ̀ mi. Ó fi ọwọ́ Ìbídùn sí ọwọ́ mi. Ó ní, “Yèyé, ẹ bá mi tọ́jú ọmọ mi. Ẹ kú ìrìn ọjọ́sí.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ́ ọ. Àwọn ènìyàn ń pè mí ní aláàánú. Bí mo bá bu oúnjẹ fún un, tí ó bá ní ẹ ṣé, Yèyé, ọ̀rọ̀ náà máa ń gún mi. Ọdún kejì ni wọ́n la títì, ó gba ibòmíràn lọ, àwọn ènìyàn fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀. Gbogbo ìlú ń yọ̀ pé mọ́tò dé. Ohun tí ó mú inú tèmi dùn ni pé n kò tún ní í dé oríta náà mọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti ń ka ọjọ́ yẹn bọ̀. N kò mọ̀ pé wọn yóò tún wá gbé àga Àìná fún mi kí n jókòó lé e.

Bí Yèyé ṣe parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí. Ó wá ní kí n lọ mú ìwé, kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí n pa á mọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí òun. Bí òun bá kú, tí wọ́n bá sin òun tán, kí n kà á fún bàbá Ìbídùn àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ó ní èmi ni òun yàn nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀.

N kò dìde. Ẹ mọ̀ pé n kì í bi àgbà ní ìbéèrè. Mo ní, “Yèyé, Sátidé kọ́ ni ìgbéyàwó náà?”

Ó ní Sátidé ni.

Mo ní, “Bí ẹ kò bá wá tíì kú ní Sátidé ńkọ́?”

Èmi fúnra mi ni ẹ̀rù bà nígbà tí mo gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo rò pé yóò gbá mi. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ẹsẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ ti wú láti ọdún mẹ́ta, ó ń wò wọ́n. Ó ní, “Ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi dé Ìgbẹmọ mọ́. Bí ó bá sì gbé mi dé ibẹ̀, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó?” Ohùn rẹ̀ kéré gan-an. Lẹ́yìn náà ẹ ti odò dé, ẹ ń jà nítorí akèrègbè omi tí ó fọ́, ó sì ń bá yín wí bí ó ti máa ń ṣe.

Ohun tí ó sọ ni mo ń rò lórí ẹní ní alẹ́ náà. Kò sọ pé kí n má lọ sí Ìgbẹmọ. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò mẹ́nu kan tèmi. Mo rò pé bóyá mo kàn ń wá àwáwí ni. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, Yèyé yóò jókòó lórí àga náà ní Sátidé, wọn yóò máa yìn ín, Ìbídùn yóò kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ gba àdúrà. Lẹ́yìn èyí, kò sí ìwé tí a lè kà lórí ibojì ẹnikẹ́ni tí yóò tún un ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pọn omi, mo gbálẹ̀, mo gbé ẹ̀kọ Yèyé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó la ojú, ó wo ìró tí mo sán mọ́ra, ó tún ojú dì. Mo gba ẹ̀yìn ilé ìjọ wọ ọ̀nà Ìgbẹmọ. N kò rìn ín rí. Oko ẹ̀gẹ́ ti gba ẹnu rẹ̀, mo sì béèrè lọ́wọ́ bàbá kan tí ń kọ ebè, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní ọ̀nà yẹn ti kú, ọmọ, kí ni ó dé tí n kò dúró de mọ́tò ọjọ́ ọjà. Mo ní ọjọ́ ọjà yóò pẹ́ jù. Koríko gé mi ní apá. Ibì kan wà tí mo dúró, tí mo sunkún díẹ̀, nítorí n kò mọ̀ bóyá iwájú ni mo ń lọ tàbí ẹ̀yìn. Odò náà ti fà, mo fi ẹsẹ̀ là á kọjá, kò tilẹ̀ dé orúnkún mi. Oòrùn ti wà láàárín orí nígbà tí mo dé Ìgbẹmọ.

Wọ́n júwe ilé fún mi. Obìnrin kan jókòó sí àgbàlá, ó ń yí èlùbọ́ tí ó sá sórí àpáta, irun rẹ̀ ti funfun ní iwájú, ojú Ìbídùn sì ni ojú rẹ̀. Ó ní kí ni mo ń wá, pé kí ni ó gé mi lára báyìí. Mo kúnlẹ̀ sórí yanrìn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ lójú ọ̀nà sá lọ, méjì péré ni ó kù. Mo ní, “Ẹ̀yin dí ọ̀nà, mà. Yèyé mi ni ó gbé ewé yín, mo sì wá mú yín lọ sí ibi ìgbéyàwó Ìbídùn.”